Ipa Sọ́fẹ́ǹtì àti Ètò Ìgbésẹ̀ Nínú Ìtàtagbà Ẹ̀wọ̀n Pólímà: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rí

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń gbà ṣàlàyé ipa sọ́fẹ́ǹtì nínú irú ìṣẹ̀dá pólímà kan tí a ó máa pè ní ìtàtagbà ẹ̀wọ̀n, èyí tí kóbáltì jẹ́ amúṣẹ́yá fún. Sọ́fẹ́ǹtì ni ohun olómi tí a fi ń yọ́ èròjà tàbí tí a fi ń bù ú là. Amúṣẹ́yá ni èròjà tí ó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán sínú iṣẹ́ náà. Pólímà ni mólékù gígùn tí a rí nígbà tí ọ̀pọ̀ mólékù kékeré, èyí tí í ṣe mónómà, bá so mọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n.

Iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Àtúnyẹ̀wò ńlá tí Gridnev àti Ittel gbé jáde ní 2001 nínú Chemical Reviews kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ. Bí a bá ka irú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀, a ó rí i pé gbólóhùn kan ń padà wá lemọ́lemọ́: pé sọ́fẹ́ǹtì kan dín agbára amúṣẹ́yá kù, tàbí pé òmíràn fi kún un. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dà bí ìdáhùn, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìbéèrè ni ó jẹ́. Kí ni sọ́fẹ́ǹtì náà ṣe gan-an tí agbára fi dín kù?

Èrò tiwa ni pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti kó sínú àpò kan ṣoṣo yìí. Èkínní ni àbùlà. Èkejì ni ìki, èyíinì ni bí ohun olómi náà ṣe ki tó. Ẹ̀kẹta ni ìpàdánù kóbáltì. Ẹ̀kẹrin sì ni ìdè tí sọ́fẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ń bá kóbáltì ṣe. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé òǹkà kan ṣoṣo tí a sábà máa ń wọ̀n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A ó sì fi hàn pé ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì mọ iye kóbáltì tí ó wà láàyè nínú sọ́fẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èsì rẹ̀ ti ètò ìgbésẹ̀ kankan lẹ́yìn.

2.0 Ètò Ìgbésẹ̀

Ní 1975 ni Smirnov àti Marchenko, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Moscow, ṣàkíyèsí pé bí a bá fi ìwọ̀nba bíńtín cobalt porphyrin sínú methyl methacrylate tí ó ń di pólímà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yóò kúrú gidigidi. Ní 1981, Enikolopyan, Smirnov, Ponomarev àti Belgovskii kọ àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀ nínú Journal of Polymer Science, tí àwọn tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà sì rí i kà. Lẹ́yìn náà ni a bọ́ sórí àwọn cobaloxime. Èyí tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn ni COBF, tí afárá bórónì àti fluorine mú kí ó lè fara da omi àti ásíìdì ju àwọn cobaloxime ìṣáájú lọ. Láti ìhín lọ, MMA ni a ó máa pe methyl methacrylate.

Ètò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ní ìgbésẹ̀ méjì. Ní ìgbésẹ̀ kìíní, Co(II) gba átọ̀mù háídírójìn kan lọ́wọ́ rádíkà tí ó wà ní orí ẹ̀wọ̀n tí ó ń gùn lọ. Ẹ̀wọ̀n náà dẹ́kun gígùn, ó sì ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì ní òpin rẹ̀. Kóbáltì di Co(III)–H. Ní ìgbésẹ̀ kejì, Co(III)–H gbé háídírójìn yìí fún mónómà kan. Mónómà náà di rádíkà tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, kóbáltì sì padà di Co(II). Bí àwọn sáré-sáré ṣe ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ ni ó rí, kóbáltì sì ni ọwọ́ tí ọ̀pá ń gbà kọjá. A gbà pé ìgbésẹ̀ kìíní ni ó falẹ̀, òun ni ó sì ń pinnu ìyára gbogbo iṣẹ́ náà.

Àlàyé mìíràn tí a ti gbé yẹ̀ wò ni pé mónómà ni ó kọ́kọ́ so mọ́ kóbáltì kí ìtàtagbà tó wáyé. Ó yẹ kí a rántí àlàyé yìí, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, sọ́fẹ́ǹtì tí ó bá lè gba àyè mónómà lára kóbáltì yóò dí iṣẹ́ lọ́wọ́ tààrà. Ṣùgbọ́n bí ètò onígbésẹ̀ méjì bá jẹ́ òótọ́, ọ̀nà tí sọ́fẹ́ǹtì lè gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ipa sọ́fẹ́ǹtì ti yan ètò ìgbésẹ̀ kan láàyò, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

3.0 Àbùlà àti Òǹkà Mayo

Ìlànà tí Frank Mayo gbé kalẹ̀ ní 1943 ni a fi ń wọn agbára ìtàtagbà títí di òní. Ìlànà náà ni pé 1/DP, níbi tí DP jẹ́ iye mónómà tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n kan ní ìpíndọ́gba, dọ́gba pẹ̀lú iye tí à bá ní bí kò bá sí kóbáltì, pẹ̀lú C ní ìlọ́po [Co]/[M]. C ni òǹkà ìtàtagbà, ó sì jẹ́ ìyára ìtàtagbà tí a fi ìyára gígùn ẹ̀wọ̀n pín. Fún COBF nínú MMA aláìlábùlà ní 60 °C, iye tí a máa ń rí wà láàárín 20,000 sí 40,000. Kí a lè mọ bí èyí ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí a fi í wé dodecanethiol tí ilé iṣẹ́ ń lò fún irú iṣẹ́ kan náà: C tirẹ̀ pẹ̀lú MMA kò tó 1.

Kí a mú C ní 30,000, kí [Co]/[M] sì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù. DP yóò jẹ́ nǹkan bí 33. Bí a bá fi toluene bu mónómà là títí ó fi di ìdajì, tí a kò sì yí ìwọ̀n kóbáltì padà, DP yóò já sí nǹkan bí 17. Ẹni tí kò bá ronú lè sọ pé toluene ti mú kí kóbáltì lágbára sí i. Kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Ìpín kóbáltì sí mónómà ni ó yí padà; C dúró síbi tí ó wà. Èyí ni àkọ́kọ́ nínú ohun mẹ́rin tí a kà sílẹ̀, òun ni ó sì rọrùn jù láti yọ kúrò. A mẹ́nu bà á nítorí pé níbikíbi tí a bá ti fi gígùn ẹ̀wọ̀n nìkan ṣe ẹ̀rí, láìṣírò C, àbùlà lè farahàn bí ẹni pé ipa gidi ni.

4.0 Ìki àti Ìrìn Mólékù

Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn olùwádìí láti ìparí ọdún 1990 síwájú ni ti ìki. Àlàyé náà sọ pé ìtàtagbà yá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó ń dá a dúró ni àkókò tí kóbáltì àti rádíkà fi ń wá ara wọn kiri nínú ohun olómi. Bí ohun olómi bá ki bí ògì, wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó pàdé. Bí ó bá ṣàn bí omi, wọn yóò tètè pàdé. Ẹ̀rí méjì pàtàkì ni ó wà fún un. Ní 1999, Heuts, Forster àti Davis wo àwọn methacrylate tí ìrù wọn ń gùn sí i, láti methyl dé butyl, wọ́n sì rí i pé bí ìki mónómà ṣe ń pọ̀ ni ìyára ìtàtagbà ń dín kù. Ní ọdún kan náà, Forster, Heuts, Lucien àti Davis ṣe iṣẹ́ náà nínú carbon dioxide tí a fún pọ̀ kọjá ojú àlà gáàsì àti omi, èyí tí ìki rẹ̀ kéré púpọ̀, wọ́n sì rí C tí ó ga dáadáa ju ti inú MMA aláìlábùlà lọ.

Ẹ̀rí wọ̀nyí lágbára, a kò sì fẹ́ fojú tín-ín-rín wọn. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, nítorí náà ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu apá kejì.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò. Ìyára gígùn ẹ̀wọ̀n MMA ní 60 °C jẹ́ nǹkan bí 830 L mol⁻¹ s⁻¹. Bí a bá fi C tí ó jẹ́ 30,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyára ìtàtagbà yóò jẹ́ 2.5 × 10⁷. Òpin tí ìrìn mólékù kéékèèké lè dé nínú ohun olómi tí ìki rẹ̀ jẹ́ 0.4 mPa s, bí MMA ṣe rí ní ìwọ̀n gbígbóná yẹn, jẹ́ nǹkan bí 1.8 × 10¹⁰. Ìyára ìtàtagbà fi nǹkan bí ìlọ́po 700 kéré sí òpin náà. Ẹni tí ó bá ní ọjà ti dí ọ̀nà mọ́ òun lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀nà fi ṣófo báyìí.

A mọ̀ pé ìdáhùn wà. Nígbà tí rádíkà ẹ̀wọ̀n méjì bá ń pa ara wọn, gbogbo wa gbà pé ìrìn ni ó ń dá wọn dúró, síbẹ̀ ìyára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 10⁷ sí 10⁸, nítorí pé orí ẹ̀wọ̀n gígùn kì í tètè yí. Ṣùgbọ́n COBF kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Mólékù kékeré ni, ó sì ń rìn fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀wọ̀n tí ó sì ń bá pàdé nínú iṣẹ́ yìí kúrú púpọ̀. Nítorí náà ìdáhùn yẹn kò tó láti pa àtakò wa lẹ́nu mọ́ pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín agbára rẹ̀ kù.

Lọ́nà kejì, kí a wo styrene. Ìki rẹ̀ kò jìnnà sí ti MMA. Bí ìki ni ó ń ṣàkóso, ìyára ìtàtagbà inú àwọn méjèèjì ì bá jọra. Ohun tí a rí ni pé C ti styrene pẹ̀lú COBF kì í ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún sí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ, ìyára gígùn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní 60 °C kò sì ju nǹkan bí 340 lọ. Ìyára ìtàtagbà rẹ̀ wá kéré sí ti MMA ní ọ̀pọ̀ ìgbà ìlọ́po. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìki kò lè jẹ́ òfin fún gbogbo mónómà. Bí ó bá jẹ́ òfin rárá, ti àwọn methacrylate nìkan ni.

Lọ́nà kẹta, ní 1996, Gridnev, Ittel, Wayland àti Fryd fi deuterium, èyí tí í ṣe háídírójìn tí ó wúwo ní ìlọ́po méjì, rọ́pò háídírójìn nínú irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì rí i pé ó dín ìyára ìtàtagbà kù. Bí ó bá jẹ́ pé ìpàdé nìkan ni ó ń gba àkókò, ìwúwo átọ̀mù tí a ó gbà lẹ́yìn ìpàdé kò ní jẹ́ nǹkan. A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé cobalt porphyrin ni ó wà nídìí ẹ̀rí yìí. COBF lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ó sì lè sún mọ́ òpin ìrìn ju bí porphyrin ti sún mọ́ ọn lọ. Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ kó àwọn méjèèjì pọ̀ kí a sì máa pè wọ́n ní òfin kan.

Lọ́nà kẹrin, ẹ̀rí ìki fúnra rẹ̀ ní àlébù. Bí ìrù methacrylate bá gùn sí i, kì í ṣe ìki nìkan ni ó yí padà. Mólékù náà fẹ̀ sí i, ó sì lè máa dí ojú ọ̀nà tí kóbáltì ń gbà dé ibi háídírójìn. Carbon dioxide náà kò yàtọ̀ sí MMA ní ti ìki nìkan. Bí ó ṣe ń yọ́ kóbáltì àti bí ó ṣe ń bá rádíkà gbé yàtọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sì lérò pé toluene lè dá ẹjọ́ yìí ń tan ara rẹ̀ jẹ: ní 20 °C, ìki toluene àti ti MMA kò jìnnà sí 0.6 mPa s, àwọn méjèèjì. Bí C kò bá yí padà nínú toluene, ìyẹn kò tako àlàyé ìki, kò sì gbè é.

5.0 Kóbáltì Tí Kò Sí Lẹ́nu Iṣẹ́

Gbogbo ohun tí a sọ lókè yìí rọ̀ mọ́ àbá kan tí a kì í sábà sọ síta: pé kóbáltì tí a wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ni kóbáltì tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò. Níbí ni àríwísí wa ti le jù.

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti peroxide a máa ba Co(II) jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò kan. MMA aláìlábùlà ní nǹkan bí móòlù 9 nínú lítà kan ní 60 °C. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù kóbáltì jẹ́ 9 × 10⁻⁶ móòlù nínú lítà. Toluene ní nǹkan bí móòlù 9.4 nínú lítà kan. Nítorí náà, bí mólékù kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù mólékù toluene bá jẹ́ peroxide, tí a sì fi toluene yìí ṣe ìdajì ohun tí ó wà nínú ìgò, peroxide náà yóò jẹ́ nǹkan bí 4.7 × 10⁻⁶ móòlù nínú lítà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá pa kóbáltì kan, ó ju ìdajì kóbáltì lọ tí yóò ti kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olùwádìí yóò rí C tí kò tó ìdajì, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé toluene dín agbára amúṣẹ́yá kù. Ìdọ̀tí ni ó wọ̀n, kò wọn toluene.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀. Bí ìdọ̀tí bá jẹ́ iye kan pàtó, yóò pa iye kóbáltì kan pàtó. Bí a bá wá lo ìwọ̀n kóbáltì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí gbogbo wọn ju iye ìdọ̀tí lọ, ìlà Mayo yóò ṣì ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà. Ibi tí ó ti gbéra ni yóò sún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo ìwọ̀n kóbáltì kan ṣoṣo, tàbí tí ó fi ipá mú ìlà náà gba ibi tí ó fẹ́, kò ní rí i. Ìdagẹ̀rẹ̀ èké ni yóò mú lọ sílé.

Ìpàdánù kejì kì í ṣe ti ìdọ̀tí. Co(II) lè so mọ́ rádíkà, kí ó di ìdè kóbáltì àti kábọ́ọ̀nù, kí ó sì tún já. Nígbà tí ó bá wà nínú ìdè, kò lè tàtagbà. Nínú styrene ni èyí ti hàn jù. Ní 1999, Heuts, Forster, Davis, Yamada, Yamazoe àti Azukizawa fi ìdè yìí hàn, wọ́n sì so ó mọ́ ipa ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ a máa já ìdè náà, kóbáltì a sì padà sẹ́nu iṣẹ́, tí C tí a ń wọ̀n fi ń ga sí i. Iṣẹ́ yìí, ní ojú tiwa, ni ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ jù lọ nínú gbogbo àwọn tí a yẹ̀ wò. Ó fi hàn pé apá kan nínú ohun tí à ń pè ní àìlágbára kóbáltì nínú styrene jẹ́ àìsí kóbáltì níbẹ̀. Ìpàdánù irú èyí yàtọ̀ sí ti ìdọ̀tí, nítorí pé ìdá kan nínú gbogbo kóbáltì ni ó ń mú lọ; nítorí náà ìdagẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó ń dín kù. Bí iye rádíkà bá pọ̀, ìpàdánù yóò pọ̀. Bí ó bá dín, yóò dín. Àyípadà iye olùbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

6.0 Ìdè Sọ́fẹ́ǹtì Mọ́ Kóbáltì

Òkè àti ìsàlẹ̀ kóbáltì nínú COBF ṣí sílẹ̀ fún mólékù mìíràn láti so mọ́. Omi, methanol àti pyridine lè ṣe bẹ́ẹ̀; agbára toluene láti ṣe é kò tó nǹkan. Ìdè yìí lè yí agbára tí kóbáltì fi ń gba háídírójìn padà, ó sì tún lè yí agbára ìdè kóbáltì mọ́ kábọ́ọ̀nù padà. Èyí nìkan, nínú ohun mẹ́rin, ni a lè pè ní ipa sọ́fẹ́ǹtì lórí ètò ìgbésẹ̀ ní ìtumọ̀ kíkún. Òun náà sì ni ó ṣòro jù láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé àwọn sọ́fẹ́ǹtì tí ó lè so mọ́ kóbáltì yàtọ̀ sí àwọn tí kò lè so ní ti ìki, ní ti ìdọ̀tí tí ó sábà máa ń bá wọn rìn, àti ní ti bí wọ́n ṣe ń yọ́ amúṣẹ́yá. Bí omi bá wà nínú ìgò pẹ̀lú mónómà tí kò dàpọ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tún di ìlọ́po méjì: kóbáltì yóò pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ kò sì ní bá ti ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ mu.

7.0 Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé àlàyé ìki kò tọ́. Fún COBF àti àwọn methacrylate, òun ni ó ṣì bá ọ̀pọ̀ èsì mu jù. Ohun tí a sọ ni pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì yọ àwọn mẹ́ta yòókù kúrò nínú ẹjọ́, àti pé ìlà Mayo nìkan kò lè yọ wọ́n.

Àbá wa fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ mẹ́rin. Kí ó lo ìwọ̀n kóbáltì púpọ̀ nínú sọ́fẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wo ibi tí ìlà ti gbéra. Kí ó yí iye olùbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Kí ó fi àwọ̀ tàbí agbára òòfà Co(II) wọn iye rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìkẹrin ni pé kí ó yan àwọn sọ́fẹ́ǹtì tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: àwọn ester tí kò ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì láàárín kábọ́ọ̀nù, láti methyl isobutyrate, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì MMA, títí dé àwọn tí ìrù wọn gùn. Wọn kì í di pólímà, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà so mọ́ kóbáltì kò yàtọ̀ púpọ̀, ìki wọn sì ń yí padà ní ipele-ipele. Mónómà yóò wà bí ó ti wà, ìki nìkan ni yóò máa rìn. Bí C bá tẹ̀lé ìki nínú wọn, a ó gbà. Bí kò bá tẹ̀lé e, a ó mọ̀ pé gígùn ìrù mónómà fúnra rẹ̀ ni ó ń dí ọ̀nà. Iṣẹ́ náà kò béèrè fún ẹ̀rọ ìfúnpá olówó ńlá. Sọ́fẹ́ǹtì tí a sẹ́ dáadáa, ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, àti sùúrù ni ó béèrè.

Títí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi jáde, a rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n fi gbólóhùn náà pé sọ́fẹ́ǹtì dín agbára amúṣẹ́yá kù sí àyè rẹ̀: àkíyèsí ni, kì í ṣe àlàyé.